Ọdún Tí A Jẹ Ẹ̀wà Irúgbìn

Ìró oríkèé ọwọ́ ìyá bàbá mi lára ìkòkò ló máa ń jí mi ní ìdájí. Kó, kó, kó, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò èlùbọ́ máa ń dún láti ọrùn rẹ̀. Bí ọwọ́ wọn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn ìkòkò náà á yí padà, á wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀. Ibi tí ohùn náà bá ti yí padà, ibẹ̀ ni èlùbọ́ kù sí. Wọn kì í ṣí ìdérí wò, nítorí pé ìgbà òjò ni, ọ̀rinrin sì máa ń mú kí èlùbọ́ bu. Láti ìkòkò èlùbọ́, wọ́n á bọ́ sí ti ọkà bàbà, láti ibẹ̀ sí ti àgbàdo, lẹ́yìn náà sí ti ẹ̀wà, tó kéré jù lọ. Èmi á dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá máa fetí sílẹ̀, òórùn irú àti èéfín àná á ṣì wà nínú aṣọ tí mo fi bora. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ti lè fi etí lásán mọ ìkòkò tí wọ́n wà nídìí rẹ̀, mo sì ti máa ń mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́, bóyá a ó jẹun yó lọ́jọ́ náà tàbí a kò ní yó.

Ṣakí ni ilé wa wà, ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n kó àwọn ọkùnrin láti àdúgbò wa lọ ru ẹrù fún àwọn ọmọ ogun òyìnbó, bàbá mi sì wà lára wọn. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa kọ ebè ni wọ́n lọ. Ebè díẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ náà ni ìyá mi àti Ìyá Àgbà gbin iṣu sí. Àwa tí a kù nílé jẹ́ mẹ́fà: Ìyá Àgbà, ìyá mi, èmi, àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì, àti ọmọ ọwọ́ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ohun tó wà nínú ìkòkò mẹ́rin yẹn la ó máa jẹ títí iṣu titun yóò fi dé, ìyẹn sì ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ohun karùn-ún wà nílé, ṣùgbọ́n a kì í kà á mọ́ oúnjẹ. Kèrègbè kan ni, tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò níbi tí èéfín yóò ti máa kàn án. Ẹ̀wà irúgbìn bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti pò ó mọ́ eérú àti ata gbígbẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì ti fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Ní ilé wa, ẹni tó ni oko ló ń fọ́ amọ̀ ẹnu kèrègbè irúgbìn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbìn ín. Ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Bí bàbá mi bá dé tí kò bá a, kò ní sí ẹ̀wà lóko wa lọ́dún náà, kò sì ní sí èyí tí a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ èyí, títí kan àbúrò mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ọjà ìlú wa máa ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ ọjà ni Ìyá Àgbà sì fi ń pín oúnjẹ. Wọn kì í ro ti òní nìkan. Láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì ni wọ́n ti ń to ohun tí a ó jẹ. Lọ́jọ́ ọjà, ọkà èlùbọ́ àti orúnlá, ìyẹn ilá tí a gé, tí a sá, tí a sì lọ̀ kúnná; ìwọ̀nba tí ìka mẹ́ta lè mú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ló ń mú kí ìkòkò ọbẹ̀ kan yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ àti gbẹ̀gìrì. Ọ̀rọ̀ gbẹ̀gìrì yìí kì í sú mi í sọ. Ẹ̀wà tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì, bí a bá sè é lásán, ènìyàn méjì ni yóò jẹ ẹ́, wọn kò sì ní yó. Ṣùgbọ́n bí a bá bó èèpo rẹ̀, tí a sè é títí ó fi fọ́, tí a fi ìjábẹ̀ jà á, tí a wá bu omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀, tí a sì fi irú sí i, ẹni márùn-ún ni yóò fi jẹ ẹ̀kọ, ẹnì kan kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀wà kò tó. Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti òkèlè ọkà bàbà àti ọbẹ̀ ewé oṣè. Lọ́jọ́ kẹrin, àdàlú, àgbàdo àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú òrí díẹ̀ tó ń yọ́ lójú rẹ̀. Ìlú ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pẹ wà, ni epo pupa ti ń wá, ó sì wọ́n. Òrí wà nínú igbó wa, àwa ọmọdé la sì ń ṣa èso rẹ̀: à ń jẹ ara rẹ̀ tó dùn, à ń kó kóró rẹ̀ bọ̀ wálé fún àwọn àgbà láti fi ṣe òrí.

Báyìí la ṣe ń jẹun nílé, títí tí mo fi ṣàkíyèsí pé àbúrò mi kékeré kò sunkún mọ́.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí ọmọ tuntun. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ènìyàn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí gbogbo agboolé má gbọ́ igbe. Wàyí o, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí orúnkún. Mo gba ìkarahun ìgbín tó fi ń ṣeré lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kàn wò mí ni. Irun orí rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú bí irun àgbàdo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kún, awọ rẹ̀ sì ń dán. Obìnrin kan tó wá yá iná kí ìyá mi pé ọmọ náà ti ń sanra. Inú ìyá mi dùn.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà lé itan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú un kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún padà. Wọ́n ń wò ó. Èmi náà ń wò ó.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìsanra kọ́ lèyí. Omi ni."

Ìyá mi ní ọmọ náà ń jẹun o, pé kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo.

"Mo mọ̀ pé ó ń jẹ ọkà. Kí ló tún ń jẹ?"

Ìyá mi yí ojú sí àwo ọmọ náà. Òótọ́ ni. Ọmọ kékeré náà kì í fẹ́ ọbẹ̀ tó bá ta, òkèlè gbígbẹ ni ìyá mi sì ń bù fún un kó lè tètè yó, kí òun lè gbọ́ ti ọmọ ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà, ètò méjì ló wà nílé wa, tiwa àti tirẹ̀. Ìyá Àgbà kó èérí ọkà bàbà tí a sẹ́ lọ sí gáà àwọn Fúlàní fún ọmọ màlúù wọn, obìnrin ibẹ̀ sì ń fún wọn ní omi tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí wàrà bá ti dì. Omi yìí ni wọ́n ń fi po ẹ̀kọ rẹ̀ láàárọ̀ dípò omi lásán. Mo rántí òórùn rẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì dùn sí imú. Wọ́n lọ sí ìdí àwọn igi òrí, wọ́n ṣa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé wọn. Wọ́n fún inú wọn dànù, wọ́n bọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn lórí àpáta, wọ́n sì gún wọn sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹyin awó tí mo rí nínú koríko, òun nìkan ni wọ́n sè é fún.

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí tiwa, ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni, àgbà ti mú un kọjá ẹni tí wọ́n lè kó lọ ru ẹrù. Ó rí ẹyin náà lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà náà, a gbà pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò máa jalè.

Ó ní, "Ìyá, ṣé olè lẹ fẹ́ tọ́ fún wa ládùúgbò ni?"

"Kó kọ́kọ́ yè ná," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Bó bá dàgbà tó jí ewúrẹ́ yín, ẹ wá bá mi."

Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ẹ̀wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń se ẹ̀wà tó kún àtẹ́lẹwọ́ kan fún un, tí wọ́n bó, tí wọ́n sì fi òrí lọ̀ ọ́ pọ̀. Gbẹ̀gìrì tiwa wá di omi ata. Àbúrò mi àgbà ráhùn pé ṣé nítorí pé ẹsẹ̀ tòun kò wú ni. Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa dúpẹ́. Nígbà tó fi pé ọjọ́ ọjà mẹ́ta, ọmọ náà ti ń gbé ojú sókè bí wọ́n bá pè é. Kò tíì dìde o, ṣùgbọ́n ó ń gbé ojú sókè.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọwọ́ wọn lára ìkòkò ẹ̀wà. Kó, kó, kó, títí dé ìdí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ohùn rẹ̀ kò yí padà náà. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pe ìyá mi, àwọn méjèèjì gbé agbọ̀n, ìyá mi pọn ọmọ ọwọ́, wọ́n lọ sínú igbó láti lọ wá kòkòrò àti ewé. Èmi ni wọ́n fi àwọn ọmọkùnrin méjì tì.

Mo wo àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo òkè ààrò.

Ìkúnwọ́ kan péré ni mo fẹ́ bù. Mo gun orí odó, mo tú okùn kèrègbè, mo fi òkúta fọ́ amọ̀ ẹnu rẹ̀. Àbúrò mi àgbà ń wò mí bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ kú. Nígbà tí mo da ẹ̀wà náà jáde, eérú àti ata ti bò ó pátápátá, mo sì ronú pé ata yóò ta ọmọ náà lẹ́nu. Mo wá da gbogbo rẹ̀ sínú igbá omi ńlá kí n lè fọ̀ ọ́ mọ́, kí n bu ìkúnwọ́ kan, kí n sì sá ìyókù padà sínú oòrùn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, kò yẹ kí n ṣe irú àṣìṣe yẹn láéláé. Oòrùn kò yọ lọ́jọ́ náà. Mo da ẹ̀wà náà sórí ẹní, ó tutù minijọ. Mo dá a padà sínú igbá, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Nígbà tí àwọn àgbà fi dé, ó ti wú, awọ ara òmíràn ti ń hunjọ, òmíràn sì ti fẹ́ bó. Irúgbìn tí omi ti kàn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé kọ́ òkè ààrò mọ́. Yóò jẹrà ni.

Ìyá mi fi ọwọ́ lé orí, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé kí ni òun fẹ́ sọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú omi náà, wọ́n ń fi ìka yí ẹ̀wà náà ká.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, má sunkún sínú igbá yìí. Àìní iyọ̀ kọ́ ni ìyà tó ń jẹ wá."

Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo ti ń dúró de ìgbátí. Wọ́n bi mí pé ta ni mo fẹ́ sè é fún. Mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìkúnwọ́ kan ì bá tó," ni wọ́n sọ. "Ó dára. Wá, jókòó, kí á ṣà á."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó ti igbá náà, àwa mẹ́ta. Èyí tí awọ rẹ̀ ti bó, a kó o sí apá kan fún jíjẹ. Èyí tó ṣì wà lódidi, a kó o sí apá kejì. Èyí tí a ó jẹ náà, Ìyá Àgbà lọ̀ ọ́, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n sè é bí ẹ̀kuru láìfi ata sí i. Ọmọ kékeré náà jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyókù, wọ́n rún un wẹ́wẹ́, wọ́n yan án gbẹ nínú agbada lórí iná jẹ́jẹ́, ó sì di ohun tí a ń bù wọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ láràárọ̀. Kò tíì sí ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ láti tọ́jú ẹ̀wà tó ti rẹ.

Èyí tó wà lódidi ńkọ́? Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, Ìyá Àgbà ti gbé ọkọ́, wọ́n ń dá ihò sórí ààtàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, èmi sì ń ju ẹ̀wà sí i ní méjì-méjì, mò ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé wa dúró, ó ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ìgbà yìí kọ́ là ń gbin ẹ̀wà o. Òjò ṣì pọ̀ níwájú. Èso rẹ̀ yóò jẹrà. Ewé nìkan lẹ ó rí."

"Ewé náà ni mò ń gbìn," ni Ìyá Àgbà sọ, wọn kò gbé orí sókè.

Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, wọ́n sì mọ̀. Ẹ̀wà tí a bá gbìn nínú òjò ńlá, ewé ló máa ń yọ púpọ̀. Kí oṣù tó lé lókè tó wọ̀ ni a ti ń já ọ̀mùnú rẹ̀, ìyẹn ewé rẹ̀ tó ṣì rọ̀; a kì í já ju ewé mẹ́ta lọ lórí igi kan kó má baà kú. A ń bọ̀ ọ́, a ń fi irú àti ẹ̀gúsí díẹ̀ sè é, gbogbo wa la sì ń jẹ ẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ìyá mi, tó ti ń yọ̀ sílẹ̀, padà dúró níbi tó yẹ. Ọmú rẹ̀ náà kún sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀, mo ti ìkarahun ìgbín àbúrò mi kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ba ẹ̀yìn mi ni òkúta. Nígbà tí mo yí padà, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín bí igi ìdáná, ó ń ké kíkankíkan pé kí n dá nǹkan òun padà. Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Àgbà ké láti inú ilé. "Ó ti lè bínú. Jẹ́ kó bínú." Wọ́n jáde, wọ́n fara ti òpó, mo sì rí i tí wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú.

Iṣu titun dé, a sì wà láàyè. Nínú ẹ̀wà orí ààtàn náà, díẹ̀ so, òjò ba púpọ̀ jẹ́. Ìyá Àgbà ń já èso rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ti ń gbẹ, wọ́n ń sá a lórí ààrò, wọ́n ń da kóró rẹ̀ sínú kèrègbè. Kò dé ìdajì. Wọ́n pò ó mọ́ eérú àti ata, wọ́n tún fi amọ̀ dí i.

Bàbá mi dé nígbà tó yẹ kí á gbin ẹ̀wà. Wọ́n ti rù, wọ́n ń wúkọ́, èjìká wọn sì ti ní àpá níbi tí ẹrù ti ń bó o. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n béèrè kèrègbè. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n mì í létí, wọ́n sì fi ìka pa amọ̀ ẹnu rẹ̀. Èmi wà nídìí ọlọ. Ọwọ́ mi dúró lórí ọlọ náà.

"Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ ni amọ̀ yìí. Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni."

"Kò dé ìdajì mọ́. Ìyókù dà?"

Ìyá Àgbà wo ìta. Àbúrò mi kékeré wà níbẹ̀, ìhòòhò ló wà, irun orí rẹ̀ ti ń dúdú láti ìdí wá, ó ń lé ewúrẹ́ ọkùnrin ẹ̀yìnkùlé kiri pẹ̀lú pàṣán, ó ń pariwo.

"Òun ló ń lé ewúrẹ́ yẹn," ni wọ́n sọ.

Bàbá mi wò ó títí. Wọ́n gbé kèrègbè náà, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n lọ sóko. Ẹ̀wà tí a rí lọ́dún náà kò pọ̀, a sì mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ ni mo tó ní ìgboyà láti bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọ́n fi gba ẹ̀bi náà. Wọ́n ń ran òwú lọ́wọ́, wọn kò dá ìrànwú dúró. Wọ́n ní, "Bí bàbá rẹ bá bínú sí mi, yóò tún jẹun lọ́wọ́ mi lálẹ́. Bó bá jẹ́ ìwọ ló bínú sí lọ́jọ́ yẹn, bí ọmọ mìíràn bá tún ń kú lọ níwájú rẹ, wàá jókòó, wàá máa dúró de ẹni tó ni oúnjẹ."

Láti ìgbà náà, mo ti ka ohun tí mo lè rí kà nípa oúnjẹ, mo ti bi àwọn nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè títí tí ó fi sú wọn, mo sì ti mọ orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn àbúrò mi. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀wà tí kò tó nínú ọkà. Ìmọ̀ yẹn wúlò fún mi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bá le. Nígbà kan, mo pa adìẹ tó sàba lórí ẹyin mọ́kànlá, kí n lè fi omi rẹ̀ bọ́ ọmọ alájọgbé wa. Nígbà mìíràn, nítorí ọmọ tí ebi ń pa, mo ṣí gbogbo wàrà inú agolo tí ọkọ mi tọ́jú de àwọn àlejò rẹ̀, mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó ṣí i. Ó bínú gan-an. Mo se oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.